Ẹ̀ṣọ́ Inú Ilé Ọmọ

Bí àwọn àgbà bá ń ṣàdúrà fún aboyún, wọn a máa wí pé, "A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ." Àdúrà náà kúrú, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Ohùn méjì ni a ń retí, nítorí pé ènìyàn méjì ni ó wà nínú ara kan. Ìyá kì í ṣe ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kì í ṣe ìyá. Báwo ni ara kan ṣe ń gba ènìyàn méjì fún oṣù mẹ́sàn-án láìsí ìjà? Kí ni ó sì ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oyún obìnrin kan bá wálẹ̀, tí òmíràn tún wálẹ̀, tí ẹ̀kẹta tún wálẹ̀, tí àwọn oníṣègùn yẹ̀ ẹ́ wò títí tí wọn kò rí ohun kan tọ́ka sí? Ìbéèrè méjì yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ẹ ó rí i pé ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn ti èkínní kò lè sọ òtítọ́ nípa ti èkejì.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ọ̀ràn náà ti pọ̀ tó. Nínú ìṣirò kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2021 nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, a fojú bù ú pé oyún tí ń wálẹ̀ lọ́dọọdún káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 23. Nínú oyún 100 tí obìnrin mọ̀ pé òun ní, bí 15 ni ó ń wálẹ̀. Nítorí náà, kí oyún wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ohun àjèjì rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ohun ìbànújẹ́. Nínú bí ìdajì irú oyún bẹ́ẹ̀, àbùkù ti wà lára ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn okùn tín-ín-rín tí ń gbé ìrísí bàbá àti ti ìyá wá sára ọmọ yẹ kí ó jẹ́ 46. Bí ó bá dín tàbí bí ó bá lé, ọlẹ̀ náà kì í sábà lè dàgbà. Ṣùgbọ́n kí oyún wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò wọ́pọ̀: obìnrin tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí kò pé ẹnì kan nínú 100. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn oníṣègùn ń kà kí wọ́n tó pè é ní oyún tí ń wálẹ̀ lemọ́lemọ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù tí ń tọ́jú ọ̀ràn ọmọ bíbí sì ti sọ láti ọdún 2017 pé ẹ̀ẹ̀mejì ti tó.

A kò gbọdọ̀ da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ ti àbíkú. Àbíkú ni ọmọ tí a bí, tí a sọ lórúkọ, tí ó sì tún padà lọ. Èyí tí à ń wí yìí kò tilẹ̀ tíì fi ojú kan ilé ayé. Síbẹ̀, ẹrù ẹ̀bi tí a ń dì ru ìyá kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn kan a ní ó ti ba ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́ nígbà èwe. Àwọn mìíràn a ní ara rẹ̀ ni ọ̀tá ọmọ ń gbé. Òwe tí wọ́n sì máa ń pa mọ́ ọn ni pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ẹ fi òwe yìí sọ́kàn, nítorí pé àwọn onímọ̀ pẹ̀lú ti fìgbà kan rò bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà ṣí kúrò nínú èrò náà ni ó kún fún ẹ̀kọ́ jùlọ.

Àwọn okùnfà kan wà tí a ti mọ̀. Ilé ọmọ tí ìrísí rẹ̀ kò gún lè fa oyún wálẹ̀. Okùn àjogúnbá bàbá tàbí ti ìyá lè ti yí ipò padà. Àìsàn kan tún wà tí ara fi ń pèsè ohun tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dì níbi tí kò yẹ kí ó dì, tí ibi ọmọ kò fi ní rí ẹ̀jẹ̀ tó. Gbogbo ìwọ̀nyí ni oníṣègùn lè yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n nínú bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí a yẹ̀ wò, a kì í rí ọ̀kankan nínú wọn. Irú èyí ni a ń pè ní aláìnídìí, kì í ṣe pé kò ní ìdí, bí kò ṣe pé a kò tíì rí ìdí rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo bí ara ṣe ń ṣọ́ ara rẹ̀. Hóró ni a ó máa pe àwọn ẹyọ tín-tìn-tín tí a fi mọ ara ènìyàn, èyí tí àwọn ìwé mìíràn ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Ara dà bí ìlú tí a mọ odi yí ká: oníbodè wà lẹ́nu odi, ẹ̀ṣọ́ sì ń rìn kiri ní ìgboro. Àwọn hóró funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí. Iṣẹ́ wọn ni láti dá àlejò mọ̀ yàtọ̀ sí onílé, kí wọ́n sì bá àlejò tí ó wá ṣe ibi jà. Ní ayé àwọn baba wa, ilà ojú ni a fi ń mọ ọmọ ìlú kan yàtọ̀ sí ọmọ ìlú mìíràn. Ojú tí ó ní àbàjà yàtọ̀ sí èyí tí ó ní pélé tàbí gọ̀ǹbọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ hóró ara wa ní ilà tí wọ́n kọ sójú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní HLA. Ìdí nìyí tí ara fi ń kọ kíndìnrín tí a mú láti ara ẹlòmíràn, bí a kò bá fi oògùn tu àwọn ẹ̀ṣọ́ náà lójú. Wàyí o, ìdajì ilà tí ọmọ inú ń gbé ti ọ̀dọ̀ ìyá wá, ìdajì kejì sì ti ọ̀dọ̀ bàbá wá. Lójú ẹ̀ṣọ́ ara ìyá, ilà bàbá jẹ́ ilà àjèjì. Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n lé ọmọ náà jáde?

Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ kedere ni Peter Medawar, onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní Brazil ní ọdún 1915. Ìṣòro awọ ara tí a mú láti ara ẹnì kan lẹ̀ mọ́ ara ẹlòmíràn ni ó ti ń bá fínra tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ tí ó sì ṣe lórí bí ara ṣe lè kọ́ láti gba àjèjì ni ó mú kí òun àti Macfarlane Burnet gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1960. Ní 1953, ó dá àbá mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ oyún. Èkínní ni pé bóyá ògiri kan là wọ́n láàárín, tí ẹ̀ṣọ́ ìyá kò fi rí ọmọ. Èkejì ni pé bóyá ilà ọmọ kò tíì hàn sí ojú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé bóyá àwọn ẹ̀ṣọ́ ìyá ń sùn. Àbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó tó láti dáhùn ìbéèrè náà. Àwọn hóró ọmọ a máa kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ilà ọmọ a sì ti máa hàn kí a tó bí i. Aboyún a sì máa bá àrùn jà bí ẹlòmíràn. Ìyá rí ọmọ náà, ó mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ó gbà á. Nítorí náà, kì í ṣe àìrí ni ó ń dá ọmọ sí. Àdéhùn kan ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá yẹ awọ inú ilé ọmọ wò, níbi tí ọlẹ̀ lẹ̀ mọ́, ẹnu yà wọ́n. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún, ẹ̀ṣọ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, bí méje nínú mẹ́wàá wọn sì jẹ́ irú kan ṣoṣo. Orúkọ irú ẹ̀ṣọ́ yìí ni NK, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ apani àbínibí. Inú ẹ̀jẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n ní 1975, tí a rí i pé wọ́n ń pa hóró tí ó ti di jẹjẹrẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá a rí i pé wọ́n ń pa hóró tí àrùn ti wọ̀ pẹ̀lú. Àwọn Yorùbá ní orúkọ a máa ro ènìyàn. Nígbà tí a gbọ́ pé apani ni ó yí ọlẹ̀ ká, ọ̀pọ̀ ènìyàn parí èrò lójú ẹsẹ̀: àwọn wọ̀nyí ni ó gbọ́dọ̀ máa pa ọmọ. A rí kòkòrò, a rí ẹ̀fọ́, kí ni ó tún kù?

Ohun tí ó kù ni pé kí a wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ilé ọmọ kò dà bí àwọn arákùnrin wọn tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ohun ìjà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà fi pa nǹkan kan. Iṣẹ́ ọ̀nà àti iṣẹ́ omi ni iṣẹ́ wọn. Àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá sí ilé ọmọ tín-ín-rín, wọ́n lọ́ bí ìtàkùn, iṣan bẹ́ẹ̀ kò sì lè bọ́ ọmọ. Ó gbọdọ̀ fẹ̀, kí ògiri rẹ̀ sì rọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn wá ní ìrọ̀rùn. Hóró ibi ọmọ ni ó ń wọ inú ògiri ilé ọmọ bí gbòǹgbò, tí ó ń lọ tún àwọn iṣan náà ṣe. Àwọn ẹ̀ṣọ́ NK sì ni ó ń là á lọ́nà, tí wọ́n ń rọ ògiri iṣan sílẹ̀ dè é. Bí gbòǹgbò náà bá wọlé jù, ẹ̀jẹ̀ lè pa ìyá lọ́jọ́ ìbí. Bí kò bá wọlé tó, ebi yóò pa ọmọ. Anne Croy àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Kánádà yẹ irú eku kan tí kò ní ẹ̀ṣọ́ NK wò ní àwọn ọdún 1990, wọ́n sì rí i pé iṣan ilé ọmọ wọn kò fẹ̀ bí ó ti yẹ. Ẹni tí a pè ní apani wá di ẹni tí ń la ọ̀nà oúnjẹ fún ọmọ.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe àdéhùn náà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hóró ibi ọmọ tí ń wọ ògiri ilé ọmọ a máa fi ilà rẹ̀ méjì pamọ́, àwọn tí a ń pè ní A àti B, nítorí àwọn wọ̀nyí ni ó máa ń bí ẹ̀ṣọ́ nínú jùlọ. Ṣùgbọ́n a máa fi ilà C hàn, a sì máa fi òmíràn hàn tí ó ń jẹ́ G, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n kí a rí i níbòmíràn lára. Àwọn ẹ̀ṣọ́ NK ní àwọn ọwọ́ kan tí wọ́n fi ń yẹ ilà C wò, tí a ń pè ní KIR. Àwọn ọwọ́ kan nínú rẹ̀ ń sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé, "Dúró", àwọn mìíràn ń sọ fún un pé, "Ṣiṣẹ́." Irú ọwọ́ tí obìnrin kan ní, àjogúnbá ni, kò yàn án fúnra rẹ̀.

Ní 2010, Susan Hiby, Ashley Moffett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Cambridge gbé iṣẹ́ kan jáde lórí èyí. Wọ́n rí i pé àwọn obìnrin tí ẹ̀ṣọ́ wọn kò ní ọwọ́ tí ń sọ pé "Ṣiṣẹ́", tí ọmọ inú wọn sì gbé irú ilà C kan báyìí láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ni ìyọnu oyún máa ń bá ju àwọn mìíràn lọ: ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún, ọmọ tí kò dàgbà tó nínú, àti oyún tí ń wálẹ̀ lemọ́lemọ́. Ní 2015, Annettee Nakimuli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn obìnrin wò ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, olú-ìlú Uganda, lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún. Wọ́n rí i pé àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú ní ọwọ́ KIR tí ń dáàbò bò wọ́n, ṣùgbọ́n pé kì í ṣe irú èyí tí ń dáàbò bo àwọn ará Yúróòpù. Ẹ kíyè sí ohun tí iṣẹ́ méjèèjì ń wí. Bí ẹ̀ṣọ́ NK bá jẹ́ ọ̀tá ọmọ, èyí tí a dá dúró ni ì bá sàn jù. Òdìkejì ni a rí: ẹ̀ṣọ́ tí ó fọwọ́ lẹ́rán ni ó léwu, kì í ṣe èyí tí ń ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe NK nìkan ni ó wà níbẹ̀. Àwọn hóró kan tún wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pẹ̀tù sí aáwọ̀, kí ẹ̀ṣọ́ má baà kọlu onílé tàbí àlejò tí a ti gbà. Onílàjà ni a lè pè wọ́n. Shimon Sakaguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan, ni ó fi wọ́n hàn ayé ní 1995, òun pẹ̀lú Mary Brunkow àti Fred Ramsdell ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì gba Ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn ní 2025 nítorí iṣẹ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2004, àwọn onímọ̀ kan ní Cambridge fi eku wádìí àwọn onílàjà yìí. Nígbà tí ara ìyá eku kò ní onílàjà, tí bàbá ọmọ sì jẹ́ irú eku mìíràn, oyún náà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá àti ìyá jẹ́ irú kan náà, oyún náà dúró. Ní ọdún kan náà, àwọn oníṣègùn ní Japan rí i pé onílàjà kéré nínú ilé ọmọ àwọn obìnrin tí oyún wọn wálẹ̀.

Ṣé èyí wá tó láti sọ pé a ti mọ okùnfà? Ẹ jẹ́ kí a ṣe sùúrù. Bí ilé bá ti wó tán, amọ̀ ògiri àti igi òrùlé a dà pọ̀ mọ́ra, kò sì rọrùn láti mọ èyí tí ó kọ́kọ́ yẹ̀. Ẹ̀yìn tí oyún ti wálẹ̀ ni a máa ń rí awọ ilé ọmọ yẹ̀ wò jùlọ. Bí onílàjà bá kéré níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé èyí ni ó fa ìparun náà, ó sì lè jẹ́ pé ìparun náà ni ó lé wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú kíka iye NK. Àwọn kan a máa fa ẹ̀jẹ̀ ní apá obìnrin, wọn a ka NK inú rẹ̀, wọn a sì sọ pé ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n NK inú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe NK inú ilé ọmọ. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ààfin kì í jókòó sí ọjà kí ó máa ka àwọn tí ń kọjá. Iye àwọn ti inú ilé ọmọ pàápàá kì í dúró lójú kan. A máa yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ láàárín nǹkan oṣù kan sí èkejì.

Ewu tí ó wà nínú kí a yára parí èrò hàn nínú ìtàn ìwòsàn kan. Ní 1985, James Mowbray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù gún àwọn obìnrin tí oyún wọn ń wálẹ̀ ní abẹ́rẹ́ hóró funfun láti inú ẹ̀jẹ̀ ọkọ wọn, wọ́n ní kí ara ìyàwó lè mọ ilà ọkọ dáadáa. Nínú obìnrin 22 tí a gún ní ti ọkọ, 17 bímọ. Nínú 27 tí a gún ní ti ara wọn, 10 péré ni ó bímọ. Ìròyìn náà tàn káàkiri, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn sì bẹ̀rẹ̀ sí gún abẹ́rẹ́ náà fún owó. Ní 1999, Carole Ober àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò tí ó tóbi ju èyí lọ jáde láti Amẹ́ríkà àti Kánádà. Obìnrin kò mọ èyí tí a gún fún òun, ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ kò mọ̀, kí ìrètí má baà yí èsì padà. Nínú 86 tí ó gba hóró ọkọ, 31 bímọ. Nínú 85 tí kò gbà á, 41 bímọ. Èyí ni pé abẹ́rẹ́ náà kò ṣàǹfààní kankan, ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ṣèpalára. Ní 2002, àjọ tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé a kò gbọdọ̀ gún un mọ́ àfi nínú ìwádìí tí àwọn fọwọ́ sí. Obìnrin tí ó ń sunkún ọmọ kì í ṣòro láti ta ọjà fún. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ẹni tí ń tà á mú ẹ̀rí wá kí ó tó na ọwọ́ gba owó.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí ìrànlọ́wọ́. Níbi tí a bá ti rí okùnfà gan-an, oògùn a máa jẹ́. Fún àìsàn ẹ̀jẹ̀ dídì tí a mẹ́nu bà lókè, àyẹ̀wò kan tí a tẹ̀ jáde ní 1997 fi hàn pé nínú obìnrin 45 tí a fún ní ásípíríìnì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, 32 bímọ. Nínú 45 tí a fún ní ásípíríìnì nìkan, 19 ni ó bímọ. Nítorí náà, obìnrin tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí gbọdọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì yẹ ọkọ rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Àwọn tí a kò rí ìdí kan lára wọn ńkọ́? Àyẹ̀wò kan tí a ṣe fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ 836 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Netherlands, tí a tẹ̀ jáde ní 2015, ni ó mú ìrètí tí ó dára jù wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn tí a ń dán wò kò borí. Progesterone ni oògùn náà, èròjà tí ara obìnrin fúnra rẹ̀ ń pèsè láti mú oyún dúró. Nínú 100 tí ó lò ó, bí 66 bímọ láàyè. Nínú 100 tí a fún ní ohun tí kò ní oògùn kankan nínú, bí 63 bímọ láàyè. Ẹ tún iye kejì yìí kà. Obìnrin tí oyún rẹ̀ ti wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a kò rí ìdí rẹ̀, tí a kò fún ní oògùn gidi kan, ó ju ìdajì wọn lọ dáadáa tí ó gbé ọmọ jó ní oyún tí ó tẹ̀ lé e. Ilé ọmọ wọn kò bàjẹ́. Ẹ̀ṣọ́ wọn kò ya ọ̀tá.

Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìka tí a kò tíì mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ọba a máa dá a sí. Ìyá tí oyún rẹ̀ wálẹ̀ kò yan ọwọ́ KIR tí ó jogún, ọkọ rẹ̀ kò yan ilà tí ó fi lé ọmọ lọ́wọ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ilé ọmọ kò sì gba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, lọ́jọ́ kan ẹ ó di ọkọ, ẹ ó di aya, ẹ ó di àna. Bí irú ọ̀ràn yìí bá ṣẹlẹ̀ ní agbo ilé yín, ẹ bá obìnrin náà dárò bí a ti ń bá ẹni tí ó pàdánù dárò, ẹ bá a dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, kí ẹ má sì bi í léèrè ohun tí ó ṣe.